Ìgbésí Ayé Bud Fowler (1858–1913): Alárìnkiri Agbábọ́ọ̀lù Aláwọ̀dúdú ní Ilẹ̀ Amẹ́ríkà

Ìfáárà

Ẹni tí ó bá wó ògiri ni ayé máa ń rántí. Ẹni tí ó ti fi èjìká ti ògiri náà títí tí ó fi lanu kì í sábà rí ẹni dárúkọ òun. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ rí nínú eré béèsìbọ́ọ̀lù, eré tí àwọn ará Amẹ́ríkà fẹ́ràn bí àwọn ará Nàìjíríà ti fẹ́ràn bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ àwọn aláwọ̀dúdú nínú eré yìí, Jackie Robinson ni orúkọ tí ó máa ń kọ́kọ́ jáde, nítorí pé òun ni ó wọ líìgì àgbà ní ọjọ́ 15, oṣù Kẹrin, ọdún 1947, lẹ́yìn tí wọ́n ti ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ fún nǹkan bí 60 ọdún. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1878, èyí tí ó jẹ́ 69 ọdún ṣáájú ìgbà Robinson, ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀dúdú kan tí ń jẹ́ Bud Fowler ti ń gba owó nídìí eré náà láàárín àwọn aláwọ̀funfun.

Fowler kò ní ẹgbẹ́ kan tí a lè pè ní tirẹ̀. Bí oníṣẹ́-ọwọ́ tí ó gbé àpò irinṣẹ́ kọ́ èjìká ni ó ṣe ń ti ìlú dé ìlú. Ibi tí wọ́n bá ti nílò iṣẹ́ rẹ̀ ni ó ń dúró sí. Ibi tí wọ́n bá ti rí àwọ̀ ara rẹ̀ ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ ni ó ń ti í dìde. Ohun tí ó ṣe pàtàkì nínú ìtàn rẹ̀ ni ìbéèrè kan tí kò tíì kúrò nílẹ̀ láwùjọ ọmọ ènìyàn: kí ni ènìyàn lè ṣe nígbà tí ó bá mọ iṣẹ́, tí àwọn tí ó gbà á síṣẹ́ mọ̀ pé ó mọ̀ ọ́n, síbẹ̀ tí ìmọ̀ náà kò tó láti gbà á?

Ìbí àti Ìgbà Èwe Rẹ̀

Ọjọ́ 16, oṣù Kẹta, ọdún 1858 ni wọ́n bí i ní Fort Plain, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ New York. John W. Jackson ni orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Ìpínlẹ̀ New York ti fòpin sí ìmúnilẹ́rú láti ọdún 1827, ṣùgbọ́n ní ìhà gúúsù Amẹ́ríkà, ọ̀kẹ́ àìmọye aláwọ̀dúdú ṣì wà lóko ẹrú ní ọdún tí wọ́n bí i. Ọmọ ọdún 7 ni nígbà tí òfin ilẹ̀ náà tó sọ gbogbo wọn di òmìnira ní ọdún 1865.

Kò pẹ́ tí wọ́n bí i ni àwọn òbí rẹ̀ kó lọ sí Cooperstown, níbi tí ó ti dàgbà. Iṣẹ́ onígbàjámọ̀ ni bàbá rẹ̀ ń ṣe, ọmọ náà sì kọ́ ọ. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ fún aláwọ̀dúdú nígbà náà, nítorí pé ó jẹ́ ọ̀kan lára ìwọ̀nba iṣẹ́ tí wọ́n lè fi dá dúró láìjẹ́ pé wọ́n ń sìn ní oko ẹlòmíràn. Ó wá di pé abẹ àti àlùmọ́gàjí ni Fowler ń bá kiri pẹ̀lú igi ìgbábọ́ọ̀lù. Bí owó bọ́ọ̀lù bá wá, ó dára. Bí ẹgbẹ́ bá tú ká tàbí tí wọ́n bá lé e, yóò ṣí ìsọ̀ ìfárí ní ìlú tí ó bá bá ara rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ kì í jẹ́ kí ebi pa ọmọ ènìyàn kú.

Cooperstown tí ó ti kọ́ bọ́ọ̀lù yìí kan náà ni ìgbìmọ̀ kan wá kéde ní ọdún 1907 pé ibẹ̀ ni wọ́n ti dá eré béèsìbọ́ọ̀lù sílẹ̀ ní ọdún 1839. Àwọn onímọ̀ ìtàn ti fi hàn pé ìtàn náà kì í ṣe òtítọ́. Síbẹ̀, nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ Ilé Ìyìn àwọn akọni eré náà sí ìlú ọ̀hún, tí wọ́n sì ṣí i ní ọdún 1939. Ìlú tí wọ́n ń bu ọlá fún nítorí ìtàn tí kò ṣẹlẹ̀ ní ọmọ kan tí ìtàn tirẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ti gidi, ó sì pẹ́ púpọ̀ kí ó tó rántí rẹ̀.

Orúkọ Fowler ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà fi wọ orí pápá dípò Jackson. Bud ní tirẹ̀ jẹ́ orúkọ ìnagijẹ, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni òun fúnra rẹ̀ máa ń pe àwọn ẹlòmíràn, bí ẹni ń pe ọ̀rẹ́. Orúkọ tí ó ń fún àwọn ènìyàn ni wọ́n dá padà fún un, òun ni ó sì bá a dé sàréè.

Eré Béèsìbọ́ọ̀lù àti Ibùdó Kejì

Ó yẹ kí a ṣàlàyé eré yìí díẹ̀ kí ìṣòro Fowler lè yé ni. Ènìyàn 9 ni ó máa ń wà nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan láti inú ẹgbẹ́ kìíní yóò ju bọ́ọ̀lù kékeré tí ó le bí òkúta. Ẹnì kan láti inú ẹgbẹ́ kejì yóò fi igi gbá a. Bí ó bá gbá a dáadáa, yóò sáré gba ibùdó mẹ́ta kọjá, yóò sì padà sí ibi tí ó ti gbéra, èyí tí wọ́n ń pè ní ilé. Ìgbà tí ó bá délé ni ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ àmì kan.

Kò sí ipò tí Fowler kò dé lórí pápá. Òun ni ó kọ́kọ́ ń ju bọ́ọ̀lù, ó sì tún ń gbá a mú lẹ́yìn ẹni tí ń fi igi gbá a. Ṣùgbọ́n ibùdó kejì ni ó fi ṣe ilé nígbà tí apá rẹ̀ kò lè jù mọ́ bí ó ti yẹ. Ẹni tí ó bá ń ṣọ́ ibùdó kejì ní láti yára bí àṣá, kí ó gba bọ́ọ̀lù, kí ó sì fi kan ẹni tí ń sáré bọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ Fowler, ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù kì í lo ìbọ̀wọ́. Ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń gba bọ́ọ̀lù náà.

Ewu tí ó wà níbẹ̀ ju ti ọwọ́ lọ. Ẹni tí ó ń sáré bọ̀ lè yọ̀ wọ ibùdó, kí ó na ẹsẹ̀ síwájú, bàtà rẹ̀ sì ní ìṣó irin lábẹ́. Àwọn aláwọ̀funfun kan rí ọ̀nà yìí gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà láti ṣe aláwọ̀dúdú tí ó wà ní ibùdó kejì léṣe, kí ó sì dà bí eré. Ìròyìn ìgbà náà sọ ọ́ pé igi pẹlẹbẹ ni wọ́n ń dì mọ́ ojúgun kí ìṣó má baà ya wọ́n lára. Fowler ni àwọn kan sọ pé ó ṣe é. Àwọn mìíràn ní Frank Grant ni, agbábọ́ọ̀lù aláwọ̀dúdú tí ó ṣọ́ ibùdó kejì fún ẹgbẹ́ Buffalo láti ọdún 1886 sí 1888. Ẹni yòówù tí ó lè jẹ́, ìtàn náà fi irú ibi iṣẹ́ tí àwọn méjèèjì wà hàn.

Ìbẹ̀rẹ̀ Iṣẹ́ Rẹ̀

Ọdún 1878 ni orúkọ rẹ̀ kọ́kọ́ hàn. Ní ọjọ́ 24, oṣù Kẹrin ọdún náà, ó ju bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ Chelsea ní ìpínlẹ̀ Massachusetts nígbà tí wọ́n bá ẹgbẹ́ Boston pàdé. Ẹgbẹ́ Boston yìí ni ó gba ipò kìíní nínú Líìgì Orílẹ̀-Èdè ní ọdún 1877, òun ni yóò sì tún gbà á ní ọdún 1878 yẹn. Pẹ̀lú gbogbo òkìkí wọn, àmì 2 sí 1 ni ọmọ ogún ọdún yìí fi nà wọ́n.

Kò tó oṣù kan lẹ́yìn náà tí ẹgbẹ́ Live Oaks ti ìlú Lynn fi pè é. Ẹgbẹ́ yìí wà nínú líìgì tí a tò létòlétò, tí a sì ń sanwó fún àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀. Ọjọ́ 17, oṣù Karùn-ún, ọdún 1878 tí ó gbá bọ́ọ̀lù fún wọn ni àwọn òpìtàn fi ń pè é ní aláwọ̀dúdú àkọ́kọ́ tí a mọ̀ pé ó fi béèsìbọ́ọ̀lù ṣe iṣẹ́ oojọ́. Ẹgbẹ́ London láti ilẹ̀ Kánádà ni wọ́n jọ figagbága. Àwọn ará London bínú kúrò lórí pápá kí eré tó parí, wọ́n sì gbé ìṣẹ́gun fún Lynn. Ó tó ọdún mẹ́fà lẹ́yìn èyí, ní 1884, kí Moses Fleetwood Walker tó gbá bọ́ọ̀lù fún Toledo, tí òun náà sì di aláwọ̀dúdú nínú líìgì àgbà.

Ìrìnkiri Láti Ìlú dé Ìlú

Láti ìgbà náà lọ, bí ẹni ń ka orúkọ ibùdókọ̀ rélùwéè ni ìtàn Fowler rí. Ní ọdún 1881, ó dé Guelph ní ilẹ̀ Kánádà. Àwọn kan lára àwọn tí wọ́n jọ fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù kọ̀ ọ́ nítorí àwọ̀ rẹ̀, ó sì kúrò. Ní ọdún 1884, ó wà ní Stillwater ní ìpínlẹ̀ Minnesota. Ẹgbẹ́ tí kò lágbára ni. Wọ́n pàdánù léraléra ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà, Fowler ni ó sì ju bọ́ọ̀lù ní ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣẹ́gun. Ẹgbẹ́ náà tú ká kí ọdún eré tó parí.

Ní ọdún 1885, ó ń ṣọ́ ibùdó kejì fún Keokuk ní ìpínlẹ̀ Iowa. Àwọn ará ìlú fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi, ṣùgbọ́n líìgì fúnra rẹ̀ fọ́ ní àárín ọdún, ó sì forí lé Colorado lọ́hùn-ún ní ẹ̀bá òkè. Ní ọdún 1886, ó wà ní Topeka ní ìpínlẹ̀ Kansas. Níbẹ̀, nínú ìgbà ọgọ́rùn-ún tí ó bá gbé igi, nǹkan bí ìgbà 31 ni ó ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́nà tí ó fi ń dé ibùdó, iye tí ó dára púpọ̀ nínú eré yìí. Òun ni ó sì ta gbogbo líìgì yọ nínú bọ́ọ̀lù tí a gbá tí a fi sáré dé ibùdó kẹta.

Nǹkan méjì ni ó ń lé e kiri. Èkíní kò mọ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ nìkan: àwọn líìgì kéékèèké ìgbà náà kò lówó lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn a sì máa fọ́ láàárín ọdún kan ṣoṣo. Gbogbo agbábọ́ọ̀lù irú rẹ̀, funfun àti dúdú, ni ó ń ṣí kiri. Ìyàtọ̀ wà nínú èkejì. Aláwọ̀funfun tí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá fọ́ lè lọ sí èyíkéyìí mìíràn, kódà kí ó gòkè sí líìgì àgbà bí ó bá mọ eré. Fowler ní láti kọ́kọ́ wá ìlú tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ti burú tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò fi ní wo àwọ̀. Bí ẹgbẹ́ náà bá ti wá dára tán, pàápàá tí ó bá jẹ́ nípasẹ̀ rẹ̀, wọ́n a tún rántí àwọ̀.

Ọdún 1887

Ọdún 1887 ni ọ̀rọ̀ náà dé ojú rẹ̀. Àwọn aláwọ̀dúdú mélòó kan wà nínú Líìgì Àgbáyé ní ọdún yẹn: Grant wà ní Buffalo, Walker àti George Stovey wà ní Newark, Fowler sì wà ní Binghamton, ní ìpínlẹ̀ New York tí wọ́n ti bí i. Ìgbà yìí ni ọwọ́ rẹ̀ mọ́ jù. Nínú eré 34 tí ó gbá, iye rẹ̀ tó ìgbà 35 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé kò mọ iṣẹ́.

Àwọn tí wọ́n jọ wọ aṣọ kan náà ni ó kọ̀yìn sí i. Wọ́n tẹ wáyà sí àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ pé àwọn kò ní gbá bọ́ọ̀lù mọ́ bí wọn kò bá lé àwọn aláwọ̀dúdú lọ. Kò yẹ kí a fojú kéré ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ẹni tí ó wà ní ibùdó kejì. Gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ dúró lórí ìfọkàntán: ẹni tí ó wà lọ́tùn-ún ni yóò ju bọ́ọ̀lù sí i, òun ni yóò sì jù ú sí ẹni tí ó wà lósì. Bí ẹni tí ń jù kò bá fẹ́ kí ó bá a, kò sí ìmọ̀ tí ó lè ràn án lọ́wọ́.

Ní òpin oṣù Kẹfà ni Binghamton tú u sílẹ̀, wọ́n sì fi kún un pé kò gbọdọ̀ bá ẹgbẹ́ mìíràn nínú líìgì náà ṣe àdéhùn. Ní ọjọ́ 14, oṣù Keje, ọdún 1887, àwọn aláṣẹ líìgì dìbò pé àwọn kò ní fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tuntun fún aláwọ̀dúdú kankan mọ́. Ẹgbẹ́ 6 ni ó fọwọ́ sí i, ẹgbẹ́ 4 ni kò fọwọ́ sí i. Àwọn mẹ́fà tí ó fọwọ́ sí i ni àwọn tí kò ní aláwọ̀dúdú kankan. Àwọn mẹ́rin tí ó ní wọn ni ó kọ̀. Kò sí òfin ìjọba kankan tí ó pa á láṣẹ. Ìdìbò inú yàrá ni, ẹgbẹ́ kan sì ń wo ẹgbẹ́ kejì ṣe, títí tí àṣà náà fi gba gbogbo eré náà kan.

Fowler kò jókòó sunkún. Ó lọ sí Montpelier ní ìpínlẹ̀ Vermont, níbi tí wọ́n ti fi í ṣe balógun ẹgbẹ́ tí àwọn aláwọ̀funfun wà nínú rẹ̀. Láàárín oṣù díẹ̀, ẹni tí àwọn kan kò lè bá dúró lórí pápá ti ń pàṣẹ fún àwọn mìíràn lórí pápá, wọ́n sì ń tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni ó lọ sí Crawfordsville àti Terre Haute ní Indiana, sí Santa Fe ní New Mexico ní ọdún 1888, sí Greenville ní Michigan ní ọdún 1889, sí Galesburg ní Illinois ní ọdún 1890, àti sí Nebraska ní ọdún 1892. Líìgì kéékèèké tí òfin Líìgì Àgbáyé kò tíì dé ni ó ń wá kiri, bí àgbẹ̀ tí ń wá ibi tí ọ̀dá kò tíì dé.

Ẹgbẹ́ Tí Òun Fúnra Rẹ̀ Dá Sílẹ̀

Nígbà tí ó rí i pé àwọn ilẹ̀kùn ń tì níkọ̀ọ̀kan, ó pinnu láti kọ́ ilé tirẹ̀. Ní ìlú Findlay ní Ohio, níbi tí ó ti gbá bọ́ọ̀lù ní ọdún 1893 àti 1894, ó pàdé ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀dúdú kan, Grant Johnson, tí bọ́ọ̀lù gbígbá rẹ̀ le. Àwọn méjèèjì jọ ṣètò ẹgbẹ́ aláwọ̀dúdú tí wọ́n pè ní Page Fence Giants. Ìlú Adrian ní Michigan ni wọ́n fi ṣe ibùjókòó, ilé iṣẹ́ kan tí ń ṣe wáyà tí a fi ń ṣe ọgbà níbẹ̀ sì ni ó gbé wọn nídìí tí ó fún wọn ní orúkọ.

Ọdún 1895 ni ẹgbẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀ eré. Ọkọ̀ rélùwéè tiwọn ni wọ́n ń gbé kiri. Inú rẹ̀ ni wọ́n ń jẹ, inú rẹ̀ ni wọ́n ń sùn. Ọgbọ́n gidi ni èyí, nítorí pé ọ̀pọ̀ ilé ìtura àti ilé oúnjẹ ni kì í gba aláwọ̀dúdú. Bí wọ́n bá wọ ìlú, wọn a gun kẹ̀kẹ́ yí ìgboro ká kí àwọn ènìyàn lè tú jáde wá wòran. Ẹgbẹ́ náà ṣẹ́gun ju ìgbà 100 lọ ní ọdún àkọ́kọ́ yẹn.

Síbẹ̀, Fowler kò lo ọdún náà tán pẹ̀lú wọn. Ní oṣù Keje, ó padà sínú líìgì tí a tò létòlétò ní Michigan, ó gbá bọ́ọ̀lù fún Adrian àti Lansing, iye rẹ̀ sì tún dára. Ìpinnu yìí sọ púpọ̀ nípa rẹ̀. Ó ti kọ́ ilé tí kò sí ẹni tí ó lè lé e níbẹ̀. Ilé tí wọ́n ti ń lé e ni ọkàn rẹ̀ ṣì fà sí, nítorí pé ó gbà pé ẹ̀tọ́ òun ni. Ọdún yẹn ni ó gbẹ̀yìn. Ọdún mẹ́wàá ni ó lò lápapọ̀ nínú líìgì tí a tò létòlétò, kò sì sí aláwọ̀dúdú tí ó lò tó bẹ́ẹ̀ títí di ìgbà Jackie Robinson.

Ní ọdún 1896, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i pé a lè ya funfun sọ́tọ̀ kúrò lára dúdú. Ohun tí àwọn aláṣẹ líìgì ti ṣe nínú yàrá wá bá òfin ilẹ̀ mu. Fowler ń bá a lọ pẹ̀lú ẹgbẹ́ aláwọ̀dúdú. Láti ọdún 1899, ó ń darí ẹgbẹ́ All-American Black Tourists, tí àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ a máa wọ aṣọ àríyá àti fìlà gíga láti fi fa èrò mọ́ra. Ó tún gbìyànjú láti kó àwọn ẹgbẹ́ aláwọ̀dúdú jọ sínú líìgì kan, ṣùgbọ́n kò rí owó. Ọdún 1920 ni Rube Foster tó wá ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láṣeyọrí. Fowler ti lọ nígbà náà.

Àìsàn àti Ikú Rẹ̀

Ọwọ́ tí ó ti gba bọ́ọ̀lù fún ọdún púpọ̀ kò rí owó kankan dì mú ní ọjọ́ alẹ́. Ní ọdún 1909, ìwé ìròyìn ti ń kéde pé ó ń ṣàìsàn, pé kò sì ní lọ́wọ́. Àwọn kan gbìyànjú láti ṣètò eré tí wọn yóò fi kó owó jọ fún un, ṣùgbọ́n kò bọ́ sí i. Ọ̀dọ̀ àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n ẹni ni alárìnkiri ń padà sí nígbà tí ẹsẹ̀ kò bá lọ mọ́. Ilé arábìnrin rẹ̀ ní Frankfort, ìpínlẹ̀ New York, ni Fowler padà sí. Níbẹ̀ ni àìsàn àìtó ẹ̀jẹ̀ ti pa á ní ọjọ́ 26, oṣù Kejì, ọdún 1913. Ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí ó pé ẹni ọdún 55. Wọ́n sin ín sí itẹ́ òkú ìlú náà láìsí òkúta tí ó fi ibi tí ó dùbúlẹ̀ sí hàn.

Ìrántí Rẹ̀

Sàréè náà wà bẹ́ẹ̀ fún 74 ọdún. Ní ọdún 1987, ẹgbẹ́ àwọn tí ń ṣe ìwádìí ìtàn béèsìbọ́ọ̀lù ní Amẹ́ríkà ri òkúta ìrántí síbẹ̀. Ní ọdún 2013, tí ó pé ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó ti kú, Cooperstown fi orúkọ rẹ̀ sọ òpópónà kan tí ó lọ sí pápá ìṣeré ìlú. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, wọ́n yàn án sínú Ilé Ìyìn tí ó wà ní ìlú kan náà, wọ́n sì gbé àwòrán idẹ rẹ̀ kọ́ ní ọjọ́ 24, oṣù Keje, ọdún 2022. Ọmọ onígbàjámọ̀ tí ó fi ìlú náà sílẹ̀ pẹ̀lú igi ìgbábọ́ọ̀lù padà wọlé gẹ́gẹ́ bí akọni, 109 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Ìkádìí

Ó rọrùn láti sọ pé òtítọ́ ti borí nígbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n idẹ kì í san gbèsè owó iṣẹ́, òpópónà kò sì lè wo àìsàn ẹni tí ó ti kú. Fowler kò rí ilẹ̀kùn líìgì àgbà kí ó ṣí, kò sì mọ̀ pé yóò ṣí. Ohun tí ó ṣe ni pé kò gbà kí ìdájọ́ àwọn ẹlòmíràn di ìdájọ́ tirẹ̀ lórí ara rẹ̀. Ní gbogbo ìlú tí ó dé, ó fi ẹ̀rí sílẹ̀ lórí pápá, àwọn akọ̀wé eré sì kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ bí wọ́n ti ń kọ ti gbogbo ènìyàn.

Àkọsílẹ̀ náà ni ó gbà á sílẹ̀. Àwọn tí ó lé e ní Binghamton kò lè pa iye rẹ̀ rẹ́ nínú ìwé, láti inú àwọn ìwé bẹ́ẹ̀ ni àwọn olùwádìí sì ti hú ìtàn rẹ̀ jáde nígbà tí kò sí òkúta lórí sàréè rẹ̀. Nínú eré tí a ti ń ka àmì nígbà tí ènìyàn bá padà délé, ẹni tí ó kúrò nílé ní ọ̀dọ́mọdé tí ó sì ná gbogbo ibùdó tán nílẹ̀ Amẹ́ríkà ti wá délé. Àwọn tí ó mọ ìwé kà ni ó ka àmì náà fún un.